Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Wó Ọ̀nà tí Kẹ́hìndé Ń Gbà Jáde: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága àti Ìgbìmọ̀ CDA Àdúgbò Wa ní Ìkòròdú

Bàbá Alága, Akọ̀wé wa, Ìyá tó ń ṣojú àwọn obìnrin, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò. Èmi Ìyá Ìbejì ni.

Ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Sátidé tó kọjá. Ẹ ní kí a wó ráàmpù ẹnu géètì wa, ìyẹn kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà ọmọ mi Kẹ́hìndé ń gbà wọlé jáde, láàárín ọjọ́ 14, pé bí a kò bá wó o, ẹ̀yin fúnra yín máa wó o, ẹ ó sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí ìwé náà tó dé ni ẹnì kan ti wá fi ọ̀dà pupa fa X ńlá sójú kọnkéré náà. Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ rí i, nígbà tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fà á jáde. Ó wo X náà títí, ó ní, "Mọ́mì, èwo ni mi ò gbà?" Ní kíláàsì wọn, ohun tí ọmọ kò bá gbà ni tíṣà máa ń fa X sí.

Gbangba lẹ ti sọ tiyín. Ẹ ka nọ́ńbà ilé wa sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé, ẹ sì gbé ìwé náà sórí WhatsApp àdúgbò. Ìdí nìyí tí èmi náà fi ń fèsì ní gbangba. Kò sí èébú nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

1. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ṣe ráàmpù

Ọdún 11 sẹ́yìn ni mo bí ìbejì. Táyé jáde, ó ké. Kẹ́hìndé pẹ́ lọ́nà. Nígbà tó dé, kò ké. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó tìdí ẹ̀ yọ ni àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy. Ọpọlọ ọmọ ló máa ń fara pa, bóyá nínú oyún, bóyá lórí ìkúnlẹ̀, bóyá láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, tí iṣan ara kò fi ní máa gbọ́ àṣẹ bó ṣe yẹ. Kì í ràn. Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò. Ibi tó fara pa nínú ọpọlọ kì í burú sí i, ṣùgbọ́n ọmọ ń dàgbà, ọmọ sì ń wúwo.

Ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé méjèèjì ni kò gbé e, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń lọ́ra. Orí rẹ̀ pé. Ìṣirò ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ilé ìwé, ẹ ó sì rí i níwájú pé òun náà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wó yìí.

2. Bí a ṣe dé àdúgbò yín

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbé ilé onílé pẹ̀lú ọmọ yìí. A gbé Sábó, a gbé Ọ̀gọ̀lọ́ǹtọ̀. Èyí tí a pẹ́ sí jù, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àtẹ̀gùn 19. Mo ń pọn Kẹ́hìndé gòkè, mo ń pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 3, kò sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó pé ọdún 8, àwọn èèyàn a dúró wò wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbá mi ní ojúgun, ọ̀já kan kò ká wa mọ́, méjì ni mo fi ń so ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, mo yọ̀ ní àtẹ̀gùn kẹta láti ìsàlẹ̀. Mo fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ kí n má baà fi ẹ̀yìn lélẹ̀, torí òun ló wà lẹ́yìn. Látọjọ́ náà ni dókítà ti ní kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́.

A bẹ onílé pé kó jẹ́ kí a fẹ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ lójú, pé a ó dá a padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí a bá ń kó lọ, lówó ara wa. Ó ní ilé òun kì í ṣe ọsibítù. Onílé mìíràn ti gba owó wa, ó ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́; ọjọ́ tó rí Kẹ́hìndé nínú ọkọ̀ tí a fi kó ẹrù dé ló dá owó padà. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn, bàbá wọn ní tí kò bá jẹ́ ilé tiwa, kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí a gbẹ́ ihò kan sára ògiri.

Bàbá wọn ń wa ọkọ̀, èmi ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà. Ọdún 5 ni a fi dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí a tó yá ìlọ́po méjì rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé. Ajẹ́ǹtì á ní, "Madam, ẹ wo POP, ẹ wo táìlì." Èmi á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà. A rí èyí tó dín owó lápá Báyékù, ṣùgbọ́n ipa omi tó ti wọlé hàn lára ògiri, ó ga tó ìdí wíndò. Òmíràn dára, ṣùgbọ́n yanrìn ni títì rẹ̀ láti géètì dé bọ́síítọ́ọ̀bù, táyà kékeré iwájú àga yóò sì rì. Tiyín ni a wá rí: búńgálò yàrá méjì tí wọn ò tíì rẹ́, orí ilẹ̀ tó ga, títì tó le, ilé ìwé tó gbà á kò jìnnà. A gbé ìwé sọ́fìyà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aláùsá, a rí i pé ilẹ̀ náà kò sí nínú èyí tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé, lọ́yà wò ó, a sanwó.

Bàbá Alága, mi ò gbàgbé ohun kan. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri láti fẹ ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ onílẹ̀ dé, wọ́n ní kí a wá san owó iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ jáde pẹ̀lú àgbàdá ìjókòó ilé lọ́rùn yín, ẹ sọ fún wọn pé láti 2016 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ irú owó bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi orúkọ yín sínú àdúrà. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì dùn mí dọ́kàn, pé ìwé tó ní kí a wó iṣẹ́ wa, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú.

3. Ohun tí a ṣe nínú ilé

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àfẹ́ la fi ráàmpù ṣe, pé apá kan lára iṣẹ́ odidi ilé ni.

Àga Kẹ́hìndé, tí àwọn èèyàn ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ, fẹ̀ tó ínǹṣì 24 láti táyà dé táyà. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tí a bá nínú ilé náà, ínǹṣì 24 géérégé, férémù sì tún jẹ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé wa rí: ti pálọ̀ là ń fẹ̀, ilé ìwẹ̀ á wá gba ìyókù. Ẹni tó ń fọwọ́ yí táyà, ìta táyà ni ìka rẹ̀ máa ń wà, nítorí náà ìka ni férémù máa ń kọ́kọ́ bó. Ní gbogbo ilé tí a yá gbé, oríkèé ìka ọmọ mi kì í jinná. Bí egbò kan bá ń gbẹ, òmíràn á ti yọ. Òdiwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò fún àga báyìí ni kí ojú ọ̀nà ṣófo tó ínǹṣì 32, ó kéré tán. A wó ògiri níbi mẹ́ta, a da líńtẹ̀lì tuntun, a fi ilẹ̀kùn ínǹṣì 36 sí yàrá rẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti kíṣìnnì.

A yọ bèbè ilé ìwẹ̀, a mú kí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tí omi ń gbà jáde, a fi táìlì tí kì í yọ̀ lélẹ̀. Wẹ́dà kan rọ ọ̀pá irin fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ WC. Ó fi ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lójú wa kó tó gba owó rẹ̀. Oníná wá sọ ṣíwíìṣì yàrá rẹ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀.

Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí a sùn síbẹ̀, Kẹ́hìndé tan iná, ó pa á, ó tún tàn án. Ó ń ṣe é títí Táyé fi pariwo pé òun fẹ́ sùn. Mo wà ní pálọ̀, mi ò dá sí i. Ọmọ ọdún 11 ni, kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ tan iná rí láyé rẹ̀.

4. Ráàmpù náà, àti ẹ̀sùn tí ẹ kà sí wa lọ́rùn

Ilẹ̀ pálọ̀ wa fi ínǹṣì 22 ga ju ilẹ̀ ẹnu géètì lọ, torí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ilé náà ń sá fún omi. Ìṣirò ráàmpù kò le: bí ibì kan bá fi ínǹṣì kan ga, ọ̀nà tí àga máa fi gùn ún gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Kẹ́hìndé ló bá bíríkìlà ṣe é. Ínǹṣì 22, ẹsẹ̀ bàtà 22. Bó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di òkè nìyẹn. Ẹni tó ń ti àga á máa mí hẹlẹhẹlẹ, bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, àga á fẹ́ já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ. A wá ṣẹ́ ẹ sí méjì: 11 tẹ̀ lé ara fẹ́ǹsì, a fi ojú pèrèsé tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sáàárín kí àga lè ráyè yí, 11 tó kù sì darí sí géètì. Ibi tí à bá máa gbé ọkọ̀ sí ló gbà. Ẹ̀yin náà ti rí i pé ìta ni ọkọ̀ bàbá wọn ń sùn.

Èyí tí ẹ fa X sí ni ti ìta. Géètì wa fi ínǹṣì 5 ga ju títì lọ, nítorí náà ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5: méjì wà lórí gọ́tà, mẹ́ta wà létí títì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀sùn kìíní yín ni pé ó jẹ títì. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, èmi àti Táyé mú téèpù, a wọn gbogbo ojú títì wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé 16 ló wà níbẹ̀. Nínú wọn, 12 ló da kọnkéré sórí gọ́tà kí mọ́tò lè wọlé. Mẹ́sàn-án nínú 12 yìí yọ síta ju tiwa lọ, èyí tó gùn jù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 3. Ilé méjì gbé ilé jẹnẹrétọ̀ sórí gọ́tà, ìkan gbé kọ̀ńténà ìtajà síbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹ wó tẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí X lára èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí mo ń bèèrè ni ìdí tí kọnkéré tí mọ́tò ń gùn kò fi jẹ títì, tó fi jẹ́ pé èyí tí ọmọ ń gùn nìkan ló jẹ ẹ́.

Ẹ̀sùn kejì ni pé a dí gọ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e sókè. Pẹpẹ mẹ́ta ni, ìkọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ irin méjì, àwọn ọkùnrin méjì á gbé e kúrò kí wọ́n kó ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Bíríkìlà ní kí a dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí ó dín owó, bàbá wọn ló kọ̀. Nínú òjò oṣù keje, omi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ibi tí omi ti kún jáde lọ́jọ́ náà, ìsàlẹ̀ títì ni, níbi tí ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti dí ojú gọ́tà pa. Gbogbo wa la jọ rí i.

Ẹ̀kẹta ni pé bí ẹ bá gbà fún wa, gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ ṣe é. Àwọn wo ni gbogbo èèyàn? Bàbá tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní títì wa kò tíì rí ìta géètì láti ìgbà tí a ti kó dé. Bí àwọn ọmọ wọn bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà fún wọn.

Ẹ wá wo bí yóò ṣe rí bí ẹ bá wó o. Àga náà jẹ́ kílò 17, Kẹ́hìndé jẹ́ kílò 31. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, èèyàn méjì á gbọ́dọ̀ gbé kílò 48 kọjá gọ́tà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni bàbá wọn ń jáde nílé. Èmi àti ta ni?

5. Agbára tí ẹ ní àti èyí tí ẹ kò ní

CDA ni yín, a sì ń san owó oṣooṣù wa láìjẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wíwó ohun tí wọ́n kọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá àjọ sílẹ̀ fún un, LASBCA ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ wa lòdì sí òfin ilé kíkọ́, ẹ pè wọ́n wá wò ó. A ó ṣí géètì fún wọn.

Òfin mìíràn wà tó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ̀. Ní 2010, orílẹ̀-èdè wa tẹ́wọ́ gba àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ó wà nínú rẹ̀ pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé láàárín àdúgbò bí ẹnikẹ́ni. Ní 2011, láyé Gómìnà Fashola, Èkó ṣe òfin tirẹ̀, ìyẹn Special People's Law, òun ló bí LASODA, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní Èkó. Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu ti gbogbo orílẹ̀-èdè: ẹni tó bá tìtorí àìlera ya ẹlòmíràn sọ́tọ̀ lè san ₦100,000, ó lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6, ó sì lè rí méjèèjì he; bó bá jẹ́ àjọ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ₦1,000,000 ni. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín. Èmi náà kò fẹ́ dé kọ́ọ̀tù, ọjà mi kò ní dúró dè mí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí òfin dúró sí kí ẹ tó gbé hámà.

6. Ilé ìpàdé

Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà lẹ́nu ilé ìpàdé wa, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ọjọ́ tí ẹ dá ẹjọ́ yìí, mo wà nísàlẹ̀ níta pẹ̀lú Kẹ́hìndé, torí kò sẹ́ni tí mo lè fi í sílẹ̀ fún nílé. Ilé tó wà fún ará ìlú ni. Ọdún márùn-ún ni òfin 2019 fún irú ilé bẹ́ẹ̀ láti tún ẹnu ọ̀nà ṣe, ó sì ti pé láti oṣù kìíní 2024.

7. Ohun tí àwọn kan sọ

Wọ́n ní ẹnì kan dìde lọ́jọ́ náà, ó ní ráàmpù wa ń sọ àdúgbò di ilé arọ, pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ á máa sá. Ẹlòmíràn ní kí a gbé ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́, mi ò sì bèèrè. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Kẹ́hìndé ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ilé wa ni. Torí rẹ̀ ni a fi rà á.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé kó lọ tọ́ ayé wò. Táyé tèmi lọ, ó ké, èkejì rẹ̀ gbọ́, ó sì wá. Lẹ́yìn ọdún 11, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ẹnu géètì ni ayé tirẹ̀ mọ.

8. Ohun tí mo ń bèèrè

Kí ìgbìmọ̀ fagi lé ìwé náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé e sórí WhatsApp níbi tí ti àkọ́kọ́ wà.

Kí ẹ bá wa ṣe ráàmpù sí ilé ìpàdé. Mo ti wọn àtẹ̀gùn náà, gíga rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 36, àyè sì wà lápá ọ̀tún tó máa gba ẹsẹ̀ bàtà 36 bí a bá ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ìdílé wa máa ra sìmẹ́ńtì 5 sí i. Bíríkìlà tó ṣe tiwa ti ní òun á ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí gọ́tà ìsàlẹ̀ títì di kíkó kí òjò tó padà dé. Gbogbo ilé 16 ni kí ẹ pè, àwa náà á yọjú.

Kí ẹni tó fa X náà wá pa á rẹ́, tàbí kí ìgbìmọ̀ rán ẹlòmíràn. Èmi fúnra mi lè pa á rẹ́, Táyé ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a dúró. Mo fẹ́ kí Kẹ́hìndé rí i pé àwọn tó fà á ló pa á rẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo wa máa wà nílé. Ọ̀dà eérú tí a fi kun ráàmpù ṣì kù tó ìlàjì agolo, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ìyá Táyé àti Kẹ́hìndé,
Ìkòròdú.